Ìṣó Tó Ń Jó Ẹ̀gbọ́n Mi Lẹ́nu

Kíláàsì Kẹta,
Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ baálé rẹ ńkọ́, ṣé ó ti dẹwọ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Láti ojú fèrésé ni mo ti ń wo ẹ̀gbọ́n mi káfíńtà lórí òrùlé ilé ìwé wa. Oòrùn ń mú ganrínganrín, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òòyì ti kọ́ ọ lórí àkàbà lóṣù yìí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. O mọ̀ mí, tísà paraku. Mo dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, mo ń ṣàlàyé ìyípadà ojú ọjọ́ bí ẹni tó wà níwájú pátákó, kí wọ́n lè máa sá fún oòrùn ọ̀sán. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní, "Ọjọ́ wo ni ojú ọjọ́ ò yí padà? Òjò lánàá, oòrùn lónìí!" Wọ́n fi mí ṣẹ̀rín. Inú bí mi, mo ní, "Ẹ ò mọ nǹkan kan!" Sí ẹ̀gbọ́n mi, lójú àwọn èèyàn rẹ̀! Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi dá mi lóhùn. Ojú tì mí gan-an.

Lánàá, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò; ó ní kí n dìde. Ìgbà náà ni mo rí i pé inú ife omi ló kó ìṣó sí. O rántí pé ìṣó kì í kúrò létè rẹ̀ tó bá ń kan páànù? Mo bi í pé kí ló dé.

"Ó ń jó mi lẹ́nu. Tí aago mẹ́wàá bá ti lù, mi ò lè fi sẹ́nu mọ́."

"Láti ìgbà wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó ronú. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ìṣó máa ń wà lẹ́nu àwọn di aago méjì ọ̀sán. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ètè tòun bó lẹ́ẹ̀rùn èṣí. Làwọn tó fi mí ṣẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tí oòrùn ti ń le sí i, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Mo panu mọ́, bó tilẹ̀ nira fún mi! Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, "Oòrùn yìí kì í ṣe oòrùn ayé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mọ́." Ó ní láti ìgbà náà lọ, aago mọ́kànlá làwọn á máa sọ̀ kalẹ̀.

Àfi bí alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé ṣe dé láàárọ̀ yìí, tó ní dandan ni kí wọ́n parí òrùlé náà lónìí. Aago méjìlá ti fẹ́ lù. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lókè.

Dúró ná. Òòlù ti dákẹ́.

Ó ti jókòó, ó ń ké látòkè sí alága tó dúró nísàlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gun àkàbà wá, ẹ fọwọ́ kan páànù yìí. Lẹ́yìn náà ká jọ sọ̀rọ̀."

Alága gùn ún. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ké "Yéè!" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì di àkàbà mú fún ẹ̀gbọ́n mi.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Mò ń gbé omi lọ bá wọn.

Èmi ni tìrẹ títí,
Tísà Aláròyé.