Ilé Lo Kú Sí, Kì Í Ṣe Ilé Ìwòsàn

Ọdún kẹrin rèé, Bàbá Kun-sheng, tí o ti fi wá sílẹ̀ lọ. Omijé ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí. Èmi Yueh-o, ìyàwó rẹ, ìbínú ni mo gbé wá síwájú rẹ lónìí. Fara dà á, tàbí kí àwa méjèèjì jọ máa bínú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Pei-rong, ọmọ ọmọ rẹ tó máa ń sùn sórí ikùn rẹ, ti wọ yunifásítì! Ìsọ̀ àgbo wa ń ṣí láràárọ̀. Mo ṣì ń se ewé kíkorò yẹn bí o ṣe ń sè é, àwọn tó ń ti tẹ́ńpìlì bọ̀ sì ń fajú ro bí wọ́n bá ti mu ún, síbẹ̀ wọ́n á tún padà wá. Wanhua, àdúgbò wa, ò yí padà. Ariwo ibẹ̀ ò jẹ́ kí òkú sùn, ká má tíì wá sọ alààyè.

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ fẹ́ ta ilé! Kun-sheng, tí o fi ilé sí lórúkọ nítorí pé òun nìkan lọ́kùnrin! Ó ti gbé pátákó títà kọ́ sójú fèrèsé wa, lókè ìsọ̀ gan-an, gbogbo ọjà ló ń rí i. Ó ní kí n wá bá òun gbé nínú ilé gogoro kan tí èèyàn ò ti mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú jù. Òun ló nilé. Irọ́ tó ń pa mọ́ ọ ló ń bí mi nínú.

Ó ní ilé ìwòsàn lo kú sí!

Wọ́n ní àwọn tó ń ra ilé ń bẹ̀rù ilé tí èèyàn kú sí, pé owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ọmọbìnrin ejẹ́ǹtì ẹlẹ́nu dídùn kan tó ń bá a ta ilé ló kọ́ Kun-sheng bẹ́ẹ̀. "Màámi," ni ọmọ rẹ wí fún mi, "ibì kan péré la yí padà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ló ń dùn yín níbẹ̀?"

Kí ló ń dùn mí! Ṣé ìwọ kọ́, ọkọ mi, lo di aṣọ mi mú lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, tí o ní ká gbé ọ lọ sílé? Bàbá rẹ kú sílé, bàbá bàbá rẹ kú sílé, o ní o ò ní di òkú ìta. Nígbà tí dókítà sọ pé èémí tó kù ò tó nǹkan, èmi ni mo jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀, tí mò ń fọwọ́ tẹ báàgì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ nínú. Mò ń tẹ̀ ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ro mí, mi ò sinmi. Mo ní bí èémí yìí bá máa tán, kò ní tán sójú títì. Ta ló sì gbé ẹsẹ̀ rẹ gun àtẹ̀gùn tóóró yẹn? Kun-sheng kan náà ni! Òun ló ń ké pé, "Bàbá, a ti délé o! Bàbá, a ti délé!" tí gbogbo ọlọ́jà fi dákẹ́. A tẹ́ ọ sí pálọ̀, níwájú pẹpẹ àwọn bàbá ńlá rẹ. Mo yọ báàgì náà. O mí lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ejẹ́ǹtì náà mú tọkọtaya kan wá wo ilé, wọ́n mú ìyá ọkọ dání. Ìyá náà wòkè, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, ṣé ẹnì kankan ò kú síbí?"

Kun-sheng ò jẹ́ kó délẹ̀. "Rárá o, Mà. Ilé ìwòsàn ni bàbá mi dákẹ́ sí." Ó wá ń ṣẹ́jú sí mi!

Mo gbé tíì kalẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, ibẹ̀ ni orí ọkọ mi wà lọ́jọ́ tó kú."

Ìyá fò bí ẹni tẹ iná! Ejẹ́ǹtì sáré tẹ̀ lé wọn, bàtà gíga rẹ̀ ń ró kò-kò-kò lórí àtẹ̀gùn.

"Màámi, ẹ ti ba ọjà mi jẹ́!"

"Ọjà lásán lèmi bà jẹ́," ni mo dá a lóhùn. "Ìwọ, ikú bàbá rẹ lo fẹ́ bà jẹ́."

Ó wá lónìí ṣá, nítorí ọmọkùnrin ló gbọ́dọ̀ fi tùràrí pè ọ́ jẹun. Mo ti gbé ìrẹsì àti ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí o fẹ́ràn kalẹ̀. Fóònù ń dún lápò rẹ̀, mo mọ̀ pé ejẹ́ǹtì yẹn ló ń pè. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ wá jẹun."

"Níbo?" ni mo bi í. "Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ló kú sí, gbé abọ́ yìí, kí o lọ pè é níbẹ̀!"

Eérú tùràrí já bọ́ sí i lọ́wọ́, kò gbọ̀n ọ́n nù. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ rẹ lọgun, tí àwọn oníbàárà nísàlẹ̀ fi gbójú sókè: "Bàbá, ẹ wá jẹun nílé yín, nínú pálọ̀ tí ẹ kú sí!"

Ó lè ta ilé náà lọ́la, mi ò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa rà á, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé ilé yìí lo kú sí. Ó ti ṣèlérí lójú rẹ. Mi ò tíì dárí jì í tán. Egungun ni mo bù sáwo rẹ̀.

Ìwọ, ọkọ mi, jẹ ẹran. Àárò rẹ ń sọ mí! Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe sọ ọ́ lójú ayé rẹ lọ, mo sì tún lè gbé ọ wálé lẹ́ẹ̀kan sí i.