Ìlà Òfìfo Kan Nínú Ìwé Ìbò Káńtì Merrin

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹwàá, 2022

Ìpàdé àwọn kọmíṣánnà. Wákàtí méjì àbọ̀. Ohun tí a parí: kò sí.

Àga mẹ́ta ló yẹ kó ní ènìyàn, méjì ló ní. Orville Tesch kú lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá, lórí katakata rẹ̀, láàárín oko koríko. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó sáàárín àwọn méjì yòókù. Ní báyìí kò sẹ́ni láàárín mọ́, àwọn méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n jọ ń ṣàkóso káńtì, ìjọba ìbílẹ̀ wa.

Delmar Voss — Ìlà-Oòrùn ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Curtis Haugen — Ìwọ̀-Oòrùn. Odò ló pín ilẹ̀ wọn. Lọ́dún 1989 akọ màlúù Ìwọ̀-Oòrùn já ọgbà, ó wọ inú agbo Ìlà-Oòrùn, ó gun abo méje. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀; bí ọ̀kan bá ní ọ̀rọ̀ fún èkejì, èmi akọ̀wé ni yóò rán. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí.

Lónìí: ‘Elda, bá mi sọ fún un pé àdéhùn áńbúláǹsì máa tán níparí ọdún.’ Ìlà-Oòrùn nìyẹn. Ìwọ̀-Oòrùn ní, ‘Elda, sọ fún un pé mi ò dití. Sọ fún un pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń wa áńbúláǹsì ọ̀hún, ohun tó ń lé kiri nìyẹn.’

Mi ò tún un sọ. Etí wọn ṣáà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni kẹta. Bí ẹni méjì ò bá fọwọ́ sí i, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, áńbúláǹsì Corrigan, káńtì tó múlé tì wá, ò ní sọdá wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Èyí tó tún sún mọ́ wa jù lẹ́yìn rẹ̀, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni, bí yìnyín ò bá sí lójú ọ̀nà. Ó sì máa ń wà lójú ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹwàá

Ìwé dé láti olú-ìlú nípa iye wa. Ẹni 387. Wọn ò mọ̀ pé Orville ti kú, wọn ò sì mọ̀ pé ìyàwó Tyler Boe ti bí. Ó ṣì jẹ́ 387. Ó lé ní ìdajì wa tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún. Ọmọ ilé-ìwé, mọ́kànlá.

Nínú àpòòwé kan náà ni lẹ́tà olóṣèlú kan wà. Ó ní àwa ni eegun ẹ̀yìn orílẹ̀-èdè yìí. Kò nílò kó kọ ọ́, ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà la máa ń dìbò fún. Ẹni mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹgbẹ́ kejì ní gbogbo káńtì, a mọ̀ wọ́n, a máa ń kí wọn dáadáa. Eegun ẹ̀yìn. Kó wá ṣubú níbí nínú oṣù kìíní kó wá wo ohun tí eegun ẹ̀yìn lè ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹwàá

Ìwé ìbò ti jáde. Orúkọ Orville nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún àga yẹn, kò sẹ́ni tó bá a dù ú rí. Lọ́yà wa ní kí a yọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni ìlà òfìfo kan. Ẹni tó bá wu oníkálukú ni kó kọ síbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé.

Ó dùn létí. Àmọ́ ta ni wọ́n máa kọ? Kò sẹ́ni tó jáde. Kò sì sẹ́ni tí yóò jáde, nítorí níbí, ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ipò ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1998 Gaylen Strand ń du àga mìíràn, ó ri pátákó kan mọ́ oríta, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà. Ibò mẹ́rin ló ní. Márùn-ún ni wọ́n nínú ilé wọn. Títí dòní, Pátákó là ń pè é, àwọn ọmọ kékeré ò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹwàá

Mo bi ẹni mẹ́fà bóyá wọ́n á gbà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní, ‘Ẹ ò ní ṣàìrí ẹnìkan.’

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹwàá

Wanda Krebs. Kí ló dé tí mi ò ronú kàn án tẹ́lẹ̀? Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ó mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà, ó mọ ilé tí iná ò tàn láàárọ̀, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Ìlà-Oòrùn ò bá a jà rí, Ìwọ̀-Oòrùn náà ò bá a jà rí. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn tó ìwé ẹ̀rí yunifásítì.

Mo bá a níbi tó ti ń bu epo. Òfin ò jẹ́ kí akọ̀wé sọ fún aráàlú ẹni tí wọn yóò dìbò fún. Òfin ò ní kí n má béèrè lọ́wọ́ èèyàn bóyá yóò gbà.

Ó ní, ‘Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ẹ wò mí dáadáa, Àǹtí Elda. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú òfin.’

Mo ní àwọn méjì tó wà níbẹ̀ náà ò gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì fún un, ẹ̀rín rẹ̀ sì tán. Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkàn obìnrin náà ò lágbára. Ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Ó ní, ‘Mi ò ní rọ ẹnikẹ́ni o. Mi ò ní ri pátákó mọ́ ibì kankan. Bí wọ́n bá kọ orúkọ mi, ó dáa. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbà.’

Mo gbà fún un. Mo wa ọkọ̀ délé, mò ń kọrin lọ́nà. Ó ti pẹ́ tí inú mi dùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹwàá

Leona Pohl ṣubú níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Egungun ìbàdí ṣẹ́, orí sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ta ló ń kọjá? Ìwọ̀-Oòrùn. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò ó, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú, títí áńbúláǹsì fi dé. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Mo wà níbẹ̀, mo fi ojú mi rí i. Mo ní ó tán, ọkàn ọkùnrin yìí ti rọ̀.

Aago méjì, ìpàdé. Ìlà-Oòrùn tún gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn ní rárá. Mo gbàgbé ipò mi, mo ní, ‘Curtis, ẹ̀jẹ̀ Leona ṣì wà lára ṣòkòtò yín.’ Ó ní, ‘Ó wá àbí kò wá? Ó wá. Sọ fún ẹni tó jókòó tì mí yìí kó yéé fi Leona ṣe òṣèlú.’

Ó wá nítorí pé àdéhùn ò tíì tán! Mi ò sọ ọ́. Mo kọ ọ́ síbí, kí n má baà fi ìwé ìpàdé lu ẹnikẹ́ni.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Tiwa tún burú, nítorí pé a jókòó ti ara wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹwàá

Ilé kọfí Jolene. Mo bu páì jẹ, mo sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: mo gbọ́ pé Wanda ò ní kọ̀. Jolene ní, ‘Wanda máa ṣe é dáadáa.’ Pátákó ní, ‘Ó dáa bẹ́ẹ̀.’ Wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ òjò.

Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ni ìpolongo ìbò. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo káńtì ti gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹwàá

Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ̀. ‘Wanda ti wọlé.’ Ní báǹkì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlà-Oòrùn fúnra rẹ̀, ‘Wanda ti wọlé, àbí?’ Mo ní a ò tíì dìbò. Ó ní, ‘Mo mọ̀, àmọ́ ó ti wọlé.’

Ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kọkànlá

Ìdìbò. Ẹni 231 ló wá nínú 268. Kí àwọn ará ìlú ńlá wá kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ dáṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dìbò tèmi ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí kò sẹ́nìkan lórí ìlà. Ẹ̀rọ ló ń ka àwọn ibò yòókù, ọwọ́ la máa fi ka ìlà òfìfo láàárọ̀ ọ̀la, nítorí Ardith tó ń bá mi ka ibò kì í wa ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àgbọ̀nrín pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kọkànlá

Ardith ń pe orúkọ, èmi ń fa ìlà. Wanda. Wanda. Orville Tesch.

A jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ardith ní ẹnìkan ń ṣàárò rẹ̀. Wanda. Orville. Orville. Wanda. Orville. Nígbà tí a fi ka ogójì, a ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnìkan kọ ‘Orville, sùn re o.’ Ẹnìkan kọ ‘Orville, o ṣé fún ọ̀nà wa.’ Ardith bú sẹ́kún, mo sì jágbe mọ́ ọn pé kó máa pe orúkọ.

Ó yé mi lọ́wọ́ kan. Kò sẹ́nìkan nínú wọn tó fẹ́ kí òkú jókòó sórí àga. Oníkálukú wọn rò pé Wanda ti wọlé. Oníkálukú wọn rò pé ibò tòun nìkan ò ní bà á jẹ́, kí òun fi dágbére fún ọkùnrin náà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Èèyàn rere ni wọ́n. Mo fẹ́ kó wọn jọ kí n nà wọ́n lẹ́gba.

Orville 94. Wanda 93. Àwọn yòókù, òfìfo tàbí orúkọ aya àti ọkọ ara wọn. Pátákó ní mẹ́ta, kò burú fún ẹni tí kò ri nǹkan kan mọ́gi.

A tún un kà. 94. 93. A kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ síbí. Ìwé kọkàndínlọ́gọ́ta tí Ardith pè, Orville ni, mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ọwọ́ yẹn kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé káńtì yìí. Láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Orville ń gbé kọfí rẹ̀ lé tábìlì mi, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí lọ́jọ́ kan, kọfí rẹ̀ tó ń dà sórí ìwé mi nìkan ni mo máa ń bá a wí. Mo rò pé Wanda ti wọlé. Èmi, tí mo bẹ̀ ẹ́ níbi epo. Èmi, tí mo mọ bí a ṣe ń ka ibò.

Ojú ń tì mí gan-an ni.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kọkànlá

Lọ́yà lórí fóònù: ẹni tí ibò rẹ̀ pọ̀ jù ló wọlé, òkú ò lè búra, nítorí náà àga ṣófo, àwọn kọmíṣánnà tó kù ni yóò yan ẹni tí yóò jókòó. Mo ní àwọn tó kù wo? Ó ní, ‘Ah.’

Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn wọlé láago mẹ́wàá. ‘Elda, sọ fún un pé Orville ni mo kọ.’ ‘Elda, sọ fún un pé èmi náà.’ Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí láti 1989. Fún bí ìṣẹ́jú kan, mo gbà pé ó ti bọ́ sí i. Ìlà-Oòrùn wá ní kí wọ́n yan Wanda. Ìwọ̀-Oòrùn ní òun ì bá fi ayọ̀ yan Wanda, ká ní ẹlòmíràn ló dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kọkànlá

Mo fọwọ́ sí èsì ìbò, mo fi òǹtẹ̀ lù ú. Wanda ń dúró dè mí níta, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń rú èéfín. Mo ní kí n má pa á mọ́ fún un. Mo ní, ‘Èmi ni, Wanda. Ibò kan ṣoṣo ni, tèmi ni.’

Ó wò mí. Ó ní, ‘Èmi náà kọ Orville.’

Mo ní kí ló ń sọ.

‘Ṣé kí n wá kọ orúkọ ara mi ni? Kí àwọn èèyàn rí i?’ Mo ní kò sẹ́ni tó lè rí i, ìbò ìkọ̀kọ̀ ni. Ó ní òun á ti rí i.

Inú bí mi. Ó ní kí n wọlé, òtútù ń mú mi. Mo bá a wọ inú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn pátápátá, ó ti fi okùn wọn ilẹ̀. Ó ní bí a bá yọ ìjókòó ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn, ibẹ̀ máa gba bẹ́ẹ̀dì kan, ènìyàn á lè nà gbalaja. Àwọn ọmọ ò ju mọ́kànlá lọ, wọ́n á jókòó síwájú. Láti oṣù kìíní, ẹni tó bá ṣubú, kí wọ́n pe òun. Ó bi mí bóyá òun nílò àṣẹ láti tú ìjókòó bọ́ọ̀sì káńtì.

Mo ní ó nílò rẹ̀. Ibò kọmíṣánnà méjì.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, mo mú sípánà wá.