Edé Kan Ṣoṣo ní Ṣakí

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ sì kú atẹ́gùn ọ̀sà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ṣakí níbí, níbi tí n kò ti gbọ́ ìró omi tó ń lu èbúté. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Sífáwù, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí ẹni tó ń ka ìwé yìí ká. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní kí n gé e kúrú. Mo ní n kò gé e. Ìyá mi ni mo ń kọ̀wé sí, kì í ṣe ìyá tirẹ̀.

Ọyẹ́ ti mú gan-an. Ètè mi là, ẹsẹ̀ mi sán. Bí Wálé ọmọ mi bá ti lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé, tí Àdùkẹ́ ọmọ rẹ̀ náà bá ti gba ilé ìwé lọ, èmi àti àwọn àpáta tó yí ìlú ká nìkan ló kù. Kíṣí ni ìjọba gbé ìyàwó Wálé lọ ṣe nọ́ọ̀sì, òpin oṣù nìkan la ń rí i. Ọmọ rẹ̀ ni mo wá tọ́jú. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan mọ́, kí n máa sinmi. Màámi, ìsinmi náà ti sú mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ìyẹn ni Wálé rí tó fi kan àpótí gíláàsì kan. Ó bu omi odò Òfìkì sí i, ó kó iyanrìn àti koríko odò sí i, ó sì tú edé wẹ́wẹ́ méjìlá sínú rẹ̀. Edé omi tí kò níyọ̀ ni. Ọ̀kan kò ju èékánná yín lọ. Ara wọn mọ́ gaara débi pé bí wọ́n bá jẹ ewé tẹ̀tẹ̀ tí mo bọ̀ fún wọn, ẹ ó rí ewé náà bó ṣe ń lọ nínú wọn. Èmi tí mo ti ń yan edé láti kékeré, èmi ni mo wá di ẹni tó ń bọ́ edé! Ìyá Rábì, aya onílé wa, wò wọ́n títí, ó bi mí bóyá ata ni wọ́n ń dúró dè. Mo ní kó máa lọ, àlejò bíi tèmi ni wọ́n.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo bá ara mi dá májẹ̀mú: bí àwọn wọ̀nyí bá lè gbé ilẹ̀ gbígbẹ yìí, èmi náà á gbé e. Bí wọ́n bá kú, màá wá bá yín.

Lọ́jọ́ kan ni Àdùkẹ́ rí ọ̀kan tó kó ẹyin sábẹ́ ikùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ tín-ín-rín fẹ́ ẹ láìsinmi, bí a ṣe máa ń fẹ́ná edé.

Wálé wá lọ sí Kíṣí. Ó ní bí omi àpótí bá fà, kí n fi omi Òfìkì inú kẹ́ẹ̀gì kún un. Omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní Ṣakí, kò sí ìyá tó máa gbé irú omi bẹ́ẹ̀ síwájú àlejò. Álọ́ọ̀mù, òkúta funfun yẹn, ni wọ́n máa ń jù sínú rẹ̀, wọn á fi igi yí i kó lè tòrò. Mo fi omi náà kún àpótí, mo ju álọ́ọ̀mù sí i. Omi tòrò kedere, mo yin ara mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti dùbúlẹ̀, wọ́n sì pọ́n. Màámi, ẹ mọ àwọ̀ yẹn. Àwọ̀ edé tó ti kúrò lórí iná ni.

Àdùkẹ́ kò sunkún. Ó bi mí pé ta ló ní kí n fọ omi. Mo ní oore ni mo fẹ́ ṣe fún wọn. Ó ní wọn kò bẹ̀ mí. Ọmọ ọdún méje!

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ọ̀nà ilé ti là. Nígbà tí Wálé dé, ó ní álọ́ọ̀mù ló pa wọ́n. Ó ṣa òkú wọn, ó gun alùpùpù lọ pọn omi tuntun wá fún koríko. Èmi ti di ẹrù mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ wọkọ̀ ni Àdùkẹ́ fà mí láṣọ, ó ní kí n wo abẹ́ koríko. Ìyá ẹlẹ́yin náà wà níbẹ̀, òun nìkan ṣoṣo, kò sí ẹgbẹ́, kò sí ará, ó ń fẹ́ ẹyin rẹ̀. Ọmọ náà bi mí pé bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bọ̀ tẹ̀tẹ̀ fún un.

Májẹ̀mú mi ni pé bí wọ́n bá kú. Wọn kò kú tán. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo tú ẹrù mi, mo sì ń sunkún bí mo ṣe ń tú u.

Nítorí náà, ẹ má retí mi lọ́dún yìí. Kí Ẹ̀gbọ́n Sífáwù bá mi gbé àwọ̀n onírin tí mo fi ń yan edé kúrò nínú ìrì, kó má sì fi tọrẹ. Ọlọ́run á dá yín sí dè mí, ojú wa á tún rí ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo èrò èbúté. Bí ẹ bá ń fẹ́ná edé, ẹ rántí pé ẹnìkan ń fẹ́ tirẹ̀ níbí, tí èmi sì jókòó tì í.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ìyá Wálé.