Ẹni Tí Wọ́n Ń Dárúkọ Nínú Orin Náà

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Orin ọpẹ́ àtijọ́ kan fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi lónìí. Gbogbo wa ń fọṣọ, wọ́n sì ń gbé e sí i ní yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ti olórin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣẹ́gun, tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, ní ti ọmọkùnrin olórin ìgboro yẹn ló dùn jù. Ìyá Sùkúrà, onílé wa, pòṣé. "Ariwo lásán! Ti obìnrin oníwákà yẹn ni orin."

Wọ́n yíjú sí mi. "Sítúdẹ́ǹtì, ìwọ ńkọ́?" Orúkọ tí wọ́n ń pè mí láti ìgbà tí mo ti dé Agége nìyẹn.

Mo ti gbọ́ orin náà lẹ́nu olórin bíi mẹ́wàá nínú yàrá mi, torí mi ò ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ìlù yàtọ̀, àmọ́ ibi 'Ọlọ́run, o ṣeun tó o fún mi ní' nìkan ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Baba tó kọ́kọ́ kọ ọ́ dárúkọ ìyá rẹ̀, oníwákà dárúkọ ọkọ rẹ̀. Ọmọ ìgboro dárúkọ ara rẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Ṣẹ́gun ní, "Àṣé ọmọ yìí lẹ́nu báyìí!"

Ìyá Sùkúrà béèrè oríkì mi. Mo ní Àdùkẹ́. Wọ́n gbé orin náà pẹ̀lú ohùn wọn tó há: "Ọlọ́run, o ṣeun tó o fún wa ní Àdùkẹ́."

Nínú gbogbo ẹ̀, tiwọn ló dùn jù.