Mẹ́ta Ni, Kì Í Ṣe Márùn-ún: Ìgbésí Ayé Alhaji Zulkifli Ọbádáre (1943–2025)

Ìlú Ìwó ni a bí Alhaji Zulkifli Ọbádáre sí ní ọdún 1943. Abdulqudus Ọbádáre, oníṣòwò awọ ẹran, ni bàbá wọn. Adéòkè aláró ni ìyá wọn. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ Bàbá wa ti sú àwọn òbí wọn, nítorí orí òrùlé ni a ti máa ń wá wọn.

Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ní 1964, ìjọba sì rán wọn lọ sí Jámánì láti kọ́ bí a ti ń wa bàálù ogun. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ ní 1967, okìkí Bàbá kàn. Ìwé ìròyìn ní bàálù ọ̀tá márùn-ún ni wọ́n fi ìbọn já bọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ibikíbi tí ẹnikẹ́ni bá ti kì wọ́n ní "Àṣá tó gbé márùn-ún," Bàbá á dìde fùú: "Mẹ́ta ni! Ilẹ̀ ni méjì yòókù wà, kò sẹ́nì kan nínú wọn!" Ìyá wa á máa fa aṣọ wọn: "Bàbá Fàdìlàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìsọmọlórúkọ la wá ṣe."

Ní 1971 wọ́n gbé Sìmíátù, nọ́ọ̀sì, níyàwó. Ní 1976 wọ́n kó wá sí Chicago, wọ́n sì fi West Ridge ṣe ilé. Bọ́ọ̀sì ni Bàbá ń wà gba àdúgbò Edgewater kọjá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí èrò bá ní kí wọ́n sáré, wọ́n á ní, "Mo ti sáré rí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ní 2005, Fàdìlàt, àkọ́bí wọn, ní òun fẹ́ wọ Air Force, iṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà. Bàbá yan ọmọ lódì. Ó sú Fàdìlàt pátápátá. Lọ́jọ́ kan ó dúró síwájú wọn: "Daddy, this is not fair. Ẹ̀yin náà ṣe é, gbogbo ayé sì ń kì yín!"

Bàbá wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Ní 1969, ọ̀gá wọn pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìbọn já bàálù kan tó ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn tí ebi ń pa bọ́ sílẹ̀. "Mo sún mọ́ ọn débi tí mo fi rí awakọ̀ náà. Ó juwọ́ sí mi, bí ẹni ń kí ará ilé rẹ̀. Mo yí padà. Mo purọ́ pé ìbọn mi kọ̀. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan tó ṣe é, wọn ò sì jẹ́ kí n fò mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ṣé ẹ ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ni? Márùn-ún, márùn-ún! Ènìyàn ló wà nínú mẹ́ta yẹn, Fàdìlàt. Mi ò rí ojú ìkankan nínú wọn."

Fàdìlàt wọ Air Force náà, ṣùgbọ́n bàálù akẹ́rù ló ní òun yóò wà. Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ wò ó bó ṣe ń balẹ̀, omijé bọ́ lójú wọn. Wọ́n nù ún, wọ́n ní, "Ó balẹ̀ bí àpò ìrẹsì."

Bàbá kì í pa ìrun jẹ, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ wọn gbé àwọn arúgbó lọ sí mọ́sálásí ní gbogbo Jímọ̀, pẹ̀lú ìkùnsínú.

Wọ́n fi ìyàwó sáyé lọ, Alhaja Sìmíátù. Àwọn ọmọ, Fàdìlàt àti Ìbráhìm. Àti àwọn ọmọ-ọmọ tó ti gbó wọn lẹ́nu dáadáa.

Bàbá wa, ẹ ti bá wa jà tó. Kí Ọlọ́hun dárí jì yín, kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ sùn ùn re.