Aago Kọ̀ǹpútà Tí A Ò Fẹ́ Kí Ara Rẹ̀ Yá

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Aránṣọ,
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Olóòótọ́,

Báwo ni o? Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dun Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń sàn? Tiwa níbí, a dúpẹ́, ara le, ẹnu ń jẹ, ẹ̀rín ò sì wọ́n wa. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín gan-an ló jẹ́ kí n mú bíírò. Fìdí balẹ̀ dáadáa.

Ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, kọ̀ǹpútà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí oníkálukú ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí tó bá dé. Aago mẹ́jọ là ń wọlé. Ẹni tó bá pẹ́, ìwé ìkìlọ̀. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, ilé yá nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni àkọsílẹ̀ náà ń lọ sọ́dọ̀ Màdáámù tó ni iṣẹ́, tó ń gbé ìlú míì. Ọ̀gá wa ló wá ń fi òfin yìí ṣe fọ́ńté, débi tá a fi ń pè é ní Kò-Gbọdọ̀-Pẹ́.

Bí oṣù méjì sẹ́yìn, aago kọ̀ǹpútà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Tá a bá pa á nírọ̀lẹ́, tá a bá tàn án láàárọ̀, ogójì ìṣẹ́jú á ti sọnù. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé bátìrì pẹlẹbẹ kan tí kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, èyí tó ń gbé aago dúró tí iná ò bá sí, ló ti ń kú lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti fẹ́ lọ wá tuntun ni Ìyá Ìbejì tó ń gé aṣọ ti dì mọ́ mi lápá.

Ìwé ìkìlọ̀ méjì ló ti gbà. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣí géètì ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a mú wọn lọ, ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa sì jìn. Kò sí bó ṣe lè sáré tó, á pẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú. Àìsàn aago yìí ló sọ ọ́ di ẹni tó ń tètè dé. Ó ní, "Àǹtí Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó ṣàìsàn díẹ̀ sí i."

Kí ni kí n ṣe? Mo dé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà padà, mo ṣe bí ẹni tí ò rí nǹkan kan. Ìyà kan ló kọ́kọ́ jẹ wá: aago tó ń pẹ́ láàárọ̀ ń pẹ́ nírọ̀lẹ́ náà! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ránṣọ títí ọrùn fi ń ro wá, aago mẹ́rin tá a máa ń jáde kọ̀, kò dé. Látọjọ́ kejì, tí Ọ̀gá bá ti lọ jẹun ọ̀sán, èmi á fọwọ́ ara mi dá aago sípò. Tó bá di àárọ̀, á tún ti sùn gbàgbé. Màdáámù tiẹ̀ pè wá, ó yìn wá pé kò síbi tí wọ́n ti ń tètè dé bíi tiwa. Kò-Gbọdọ̀-Pẹ́ ní ẹ̀kọ́ tóun kọ́ wa ni. Mo mọ̀ pé o ti káwọ́ lérí báyìí, ṣùgbọ́n má tíì bá mi wí.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan ló tú àṣírí wa. Ó wá gba aṣọ ní aago mẹ́sàn-án, rìsíìtì tá a tẹ̀ fún un ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Ó pe Màdáámù, Màdáámù pe Ọ̀gá wa. Ọ̀gá bú ramúramù, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra bátìrì, ó dúró tì mí gbọnin títí mo fi yọ ti àtijọ́, tí mo fi tuntun sí i. Ó ní ẹni tó bá pẹ́ lọ́la á rí i. Ìyá Ìbejì gbé aṣọ tó ń gé sílẹ̀, ó jókòó. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ilẹ̀ mọ́, Ọjọ́bọ̀ ni. Ó sáré sáré, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló tẹ nọ́ńbà. A ń wá Ọ̀gá, Ọ̀gá ò sí. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á wò. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ni Kò-Gbọdọ̀-Pẹ́ wọlé. Ó tẹ nọ́ńbà tirẹ̀, ó rí ohun tó jáde, ojú rẹ̀ sì yí padà. Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo wa, ọ̀la sì ni àkọsílẹ̀ ń lọ bá Màdáámù.

Ó pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bátìrì àtijọ́ yẹn dà?"

"Mo ti sọ ọ́ nù, sà."

Irọ́ ni, inú àpò mi ló wà. Àbí o ò rí nǹkan? Ọkùnrin yìí ti mọ̀ látọjọ́ yìí, òun náà ń jẹ nínú ogójì ìṣẹ́jú wa! Mo ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kó kọ̀wé sí Màdáámù pé láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ká máa wọlé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ká máa jáde ní mẹ́rin ààbọ̀. Ó ní ta ló máa kọ ọ́. Mo fa lẹ́tà yọ nínú fáìlì. Àná ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìkìlọ̀ kẹta ti Ìyá Ìbejì, tó ti kọ sílẹ̀ láti àná, wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo ń wò ó, mi ò sì jọ̀wọ́ lẹ́tà ọwọ́ mi. Ó mú ìwé ìkìlọ̀ náà, ó fà á ya sí méjì, ó wá fọwọ́ sí lẹ́tà tèmi. Mo fi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, Màdáámù sì gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Ìbejì sunkún ayọ̀. Ní ti ìṣẹ́jú méje tó ṣì wà lọ́rùn Ọ̀gá, ìyẹn ò kàn mí.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí Màmá, kó o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Nǹkan roboto tó ń yí kiri nínú àpòòwé yìí, bátìrì náà ni. Ọ̀gá ti tú garawa ìdọ̀tí wa lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ yẹn, ó ń wá a. Jọ̀wọ́, bá mi fi í pamọ́ síbi tí ojú ò tó. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, bátìrì kankan ò dé ọ̀dọ̀ rẹ.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí o ti bá wí títí,
                                        Akọ̀wé.