Ọjọ́ Orí Méjì Tí Anwar Ní

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ 2025
Anwar, ọmọ-ọmọ mi, dé láti páàkì ọkọ̀ Jabi láàárọ̀ yìí. Báàgì méjì, bàtà bọ́ọ̀lù lọ́rùn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fi sílẹ̀ yìí ni ìkẹsàn-án. Àwọn ará ilé ní wọ́n lé e ni. Mo ní atamátàsé ni. Ibi tí wọ́n bá ti nílò góòlù ló ń lọ. Ẹgbẹ́ kan ní Lokogoma fẹ́ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní tí wọn ò bá gbà á, òun á pa bọ́ọ̀lù tì, òun á lọ máa wa mọ́tò akérò. Ó sọ ọ́ bí àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ
Ó tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná. "Ìyá àgbà, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí o." Mo ní ṣé kì í ṣe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ló pe ara rẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn? Ó ní ibẹ̀ lòun dúró sí. Wọn kì í fẹ́ gba ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n. Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i! Mo ṣèlérí pé kò ní ti ẹnu mi jáde.

Jímọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ
Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni Tíṣà Lydia fún mi ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àgbà. Iṣẹ́ ilé: kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Kò sí ẹni tó máa wọlé tí kò ní rí i.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ
Orúnkún Anwar wú. Omi gbígbóná.

Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ
Kóòṣì rẹ̀, Adébíyì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Àlájà, ọmọ yín yìí ń ya ọ̀lẹ. Bí mo ṣe ń pariwo mọ́ àwọn àbúrò mi nílé ni mo ń pariwo mọ́ ọn." Mi ò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ orí. Ẹnu mi tẹ́ mi lọ́rùn débi pé mo ní kó wo ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, kó rí bí mo ṣe ń kọ̀wé.
Ó ń kà á sókè. Rahmah. Usamah. Anwar, 9 Oṣù Kẹta 1992. Ó ń fi ìka ṣírò. Anwar ń wo ilẹ̀. Èmi ní kó wo bí R yẹn ṣe dúró dáadáa.
Adébíyì dìde lórí àga tó dára jù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jókòó síbí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n lèmi."
Kò mu omi kó tó lọ.

Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ
Mo já ìwé náà kúrò lára ògiri. Ó ti pẹ́ jù. Anwar ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ
Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì lé e, ṣùgbọ́n Adébíyì ò lè pariwo mọ́ ọn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ pápá ló ń dúró sí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ bá wa sáré díẹ̀." Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, bọ́ọ̀lù ń yí lọ. Anwar ní èébú ì bá sàn fún òun. Mo fi ìborùn bo ẹnu.

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ
Mo tẹ̀ lé e lọ sí Lokogoma. Ìdíje ìkẹyìn kí wọ́n tó pinnu. Ìgbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí eré parí ni wọ́n tó mú un wọlé. Kò sáré. Mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wá láti igun pápá, àwọn ọ̀dọ́ sáré lọ síbi tó wà. Anwar rìn lọ síbi tó máa balẹ̀ sí. Góòlù. Èèyàn méjì ló gbé e dìde nílẹ̀ tó ṣubú sí.
Adébíyì pè wá sí ọ́fíìsì. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń sáré pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró ni mi ò ní." Àdéhùn ọdún kan.
Nígbà tó dé ibi ọjọ́ ìbí nínú fọ́ọ̀mù, Anwar gbé bírò sókè, ó wò mí. Mo wo òrùlé. Adébíyì ń wo bàtà rẹ̀.
Anwar kọ 1992.
A délé. Ó ti sùn lọ lórí àga, ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ń hanrun bí ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.